Kì í Ṣe Ẹnu Ìyá Oníẹ̀rọ Ló Wó Ilé Ìwé Wa

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀, èmi Láyíwọlá tí mo sì ti ń mọ ilé láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi, mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé alámọ̀ nìkan ni wọ́n ń bá wí. Orúkọ wà tí a ń fi itọ́ mọ. Tèmi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Missouri City, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston níhìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ ti pinnu pé ẹ ó fi mí jẹ Baba Ìkọ́lé ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé oyè náà kalẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ìyá arúgbó kan ń bẹ tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ àdúgbò rẹ̀ ní Ìkòròdú títí di òní, nítorí ọ̀rọ̀ tí èmi sọ. Kíndìnrín mi méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá mi fọ ẹ̀jẹ̀. Bí mo bá bá ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀, àjẹ́ ni wọn yóò máa pe ìyá náà títí tí òun náà yóò fi kú, wọn kò sì ní jẹ́ kí a sin ín sí ibi tí a gbé bí àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde nígbà tí èémí ṣì wà tí yóò tì í jáde.

Ṣùgbọ́n kí n tó wọ inú ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ, ẹ jẹ́ kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n yangàn díẹ̀. Ẹni tí yóò bọ́ra sílẹ̀ lójú ayé, ó yẹ kí ayé kọ́kọ́ rí aṣọ tó wọ̀. Bàbá mi kò ní agbára láti rán mi lọ sí ilé ìwé. Orí ẹní ni mo ti kàwé. Bíbélì ni ìwé náà, ìka ìyá mi ni tíṣà. Àárọ̀ kò ní mọ́ kí ìyá mi má kì mí, kí n tó bọ́jú. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bíríkìlà, ṣọ́bìrì la fi ń po kọnkéré, orí la fi ń rù ú gun àkàbà, okùn àti omi inú rọ́bà la fi ń mọ̀ bóyá ilé dọ́gba. Lónìí, ẹ lọ wo Ìkòròdú. Ibi tí a ti ń dẹ okété nígbà yẹn, ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tí ikùn rẹ̀ ń yí ló ń gbé kọnkéré wá, àwọn ọmọbìnrin ń wọ akoto ẹnjiníà, wọ́n ń pàṣẹ fún ọkùnrin, ọkùnrin sì ń gbọ́. Kí ẹ má sì rò pé ó rọrùn o. Sìmẹ́ǹtì tí ẹ dúnàádúrà rẹ̀ láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti gun orí àjà, ọwọ́ yín kò tó o mọ́. Ọmọ onílẹ̀ á gbowó ìpìlẹ̀, àbúrò rẹ̀ á wá gba ti fèrèsé. Irin tí wọ́n tà fún yín pé ó nípọn, ẹ ó gbé e wò, ẹ ó rí i pé ààwẹ̀ ló ń gbà. Àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ níṣẹ́ á gun ọ̀kadà sá lọ, ẹ ó wá lọ pe ará Kútọnu kó wá lẹ táìlì fún yín. Síbẹ̀, a kọ́ ọ. Mo ń wí i níhìn-ín ní Houston, níbi tí wọ́n ti ń yọ odindi ilé kalẹ̀ bí ẹni tẹ́ tábìlì: ẹni tó bá kọ́lé ní Amẹ́ríkà, ẹ kí i kú iṣẹ́, ẹni tó bá kọ́lé ní Nàìjíríà, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi sì kọ́ ọ. Mo kọ́ ilé ìwé, mo kọ́ ilé ìwòsàn, mo kọ́ ilé ọlọ́jà àti ilé olóyè. Àwọn òṣìṣẹ́ mi a máa kì mí pé: Láyí Wàràwàrà, ọkọ sìmẹ́ǹtì, a-sọ-igbó-di-àdúgbò, ọkùnrin tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní ìyálẹ̀ta tó fi òrùlé jẹun alẹ́! Orí mi a wú. Ẹ̀yìn mi a gùn gbọọrọ. N kò mọ̀ pé oríkì yẹn gan-an ni yóò ti mí sínú kòtò.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Bùnmi ọmọ mi ṣì wà ní ilé ìwé girama nígbà náà. Ìjọ wa ní Ìkòròdú fẹ́ kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, èmi tí mo jẹ́ alàgbà ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà ni ilé Ìyá Kùdírátù wà. Ìyá Oníẹ̀rọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ẹ̀rọ ìlọta tó gbé kalẹ̀ sí ojúde rẹ̀. Opó ni, Mùsùlùmí ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ata tó ń lọ̀ lọ. Bí ìyàwó ilé kan bá gbé tòmátò tó ti rà wá, Ìyá á ní, "Ṣé ọkọ ọ̀hún lo fẹ́ fi èyí pa ni, kí n lè mọ̀ bóyá kí n bá ọ ra aṣọ òkú?" Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ tó kó òkúta wá fún wa dé, awakọ̀ náà kò rí ibi da òkúta sí àyàfi iwájú ilé ìyá yìí. Òkìtì náà dí ojúde rẹ̀ pátá. Àwọn tó fẹ́ lọ ata ní láti máa gun òkúta pẹ̀lú ike lórí bí ewúrẹ́ orí àpáta. Ìyá wá bá mi. "Láyíwọlá, bá mi kó òkúta rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi." Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá, a ó lò ó láìpẹ́." Ó tún wá, mo tún fún un ní sùúrù. Sùúrù kò wọ́n lọ́wọ́ mi nígbà náà, torí pé ti ẹlòmíràn ni mo ń ná.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dàgbà níhìn-ín lè má mọ ohun tí ọjọ́ dẹ́kìn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Dẹ́kìn ni kọnkéré tí a dà sókè láti fi ṣe àjà ilé, èyí tí àwọn ará òkè yóò máa tẹ̀. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á, a kò gbọ́dọ̀ fi ìdajì sílẹ̀. Nítorí náà gbogbo bíríkìlà àdúgbò á wá ran ara wọn lọ́wọ́, onílé á pa ẹran, ìrẹsì á hó lórí iná, orin á gba ẹnu kan. Ọdún ni. Onílé á ti pe ọ̀rẹ́, á ti pe àna, á ti pe pásítọ̀ tàbí àfáà tí yóò gbàdúrà sí i. Ẹnikẹ́ni kì í yẹ ọjọ́ náà. Bíríkìlà tó bá yẹ̀ ẹ́, orin ni wọn yóò fi kọ títí ọmọ rẹ̀ á fi gbọ́. Lọ́jọ́ dẹ́kìn ilé ìwé ìjọ, bí a ṣe to lọ bí ìjàlọ tí páànù kọnkéré ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, Ìyá Oníẹ̀rọ jáde síta, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ ń jẹ ẹran, ebi ń pa èmi! Ta ni yóò gun òkè wá lọ ata lọ́dọ̀ mi? Bí ẹ kò bá kó òkúta yìí kúrò níwájú mi, ohun tí ẹ ń kọ́ sókè yẹn náà á kó ara rẹ̀ wálẹ̀ wá bá a!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bíọ́lá, kápẹ́ńtà mi, aláwàdà èèyàn, dá a lóhùn láti orí àkàbà pé, "Ìyá, ẹ bá wa lọ òkúta náà nínú ẹ̀rọ yín, kó kúnná, ká lè fi po ẹ̀kọ!" Ìyá ní, "Orí rẹ ni màá kọ́kọ́ lọ̀. Ó rọ̀ ju òkúta lọ." Ẹ̀rín tún sọ. Wọ́n bu ìrẹsì fún un, ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Ẹ fi ẹ̀rín yẹn sọ́kàn. Gbogbo wa la jọ rín in. Òjò rọ̀ lé wa lórí kí a tó parí, kọnkéré sì mu omi ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n a parí rẹ̀.

Kọnkéré dà bí ìkókó. Bí a bá bí i tán, a kì í já a jù sílẹ̀. Pákó ni a fi ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀, ọparun ni a fi ń gbé ibùsùn náà dúró láti abẹ́, títí eegun rẹ̀ yóò fi gbó. Gbogbo bíríkìlà ló mọ èyí. Èmi mọ̀ ọ́n ju orúkọ mi lọ. Ṣùgbọ́n olóyè kan ní Ìgbógbó ti gbé iṣẹ́ ilé rẹ̀ fún mi, ó ti pe ọjọ́ dẹ́kìn tirẹ̀, ó ti so màlúù mọ́lẹ̀. Pákó àti ọparun tí mo ní kò ju ti ilé kan lọ, abẹ́ dẹ́kìn ìjọ ni gbogbo wọn sì wà. Kí n lọ bẹ olóyè pé kó sún ọjọ́ síwájú? Èmi, Láyí Wàràwàrà? Mo wọ abẹ́ dẹ́kìn lọ, mo fi òòlù kàn án. Kọnkéré tó bá gbó a máa dún bí agogo. Èyí dún bí iṣu tí kò jinná. Etí mi gbọ́ ọ ketekete. Bíọ́lá dúró tì mí. "Ọ̀gá, ṣé ká tú pákó?" Mo tún fi òòlù kàn án. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ó ti dá yín lójú?" Mo ní, "Bíọ́lá, kí ni wọ́n ń pè mí nílùú yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Láyí Wàràwàrà." Mo ní, "Tú u nígbà náà." Ẹ wo ohun tí mo fi dáhùn ìbéèrè. Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ kọnkéré, mo fi orúkọ mi dá a lóhùn.

A kó pákó àti ọparun sínú ọkọ̀, a kọrí sí Ìgbógbó. Bíyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń di irin fún wa, ní òun yóò tẹ̀lé wa bọ̀; ó fẹ́ ṣa wáyà rẹ̀ tó kù sílẹ̀. Oòrùn mú, abẹ́ dẹ́kìn tutù, ó jókòó síbẹ̀ ó ń jẹun. Kò tíì jẹun tán tí dẹ́kìn òkè fi wá bá a nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, eruku ṣì ń rú. Ìyá Oníẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ rí, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi: ó ti sọ gèlè rẹ̀ nù, ó ń fi ọwọ́ lásán hú àlàpà, ó ń pe, "Bíyìí! Bíyìí, dá mi lóhùn!" Bíyìí kò dáhùn. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ tí gbogbo èrò tẹ̀lé e, èmi àti Bíọ́lá dúró sẹ́yìn. A sọ ọparun kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, a ṣẹ́ wọn, a tì wọ́n bọ abẹ́ àlàpà, kí ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò lè rò pé wọ́n ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Bíọ́lá ń wẹ̀yìn wò. Èmi kò wẹ̀yìn. Èyí ló yẹ kó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Àwọn tí ìjọba rán wá wò ó, wọ́n rí ọparun, wọ́n ní òjò ló fà á, wọ́n bá tiwọn lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wòlíì wa dúró níwájú ìjọ, ó ní, "Alàgbà Láyíwọlá, dìde. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ Ọlọ́run?" Mo dìde. Bí mo ṣe ń dìde, òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ni obìnrin kan bá kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ọwọ́ ayé ni! Ọ̀tá ni!" Ìjọ ké Halelúyà. Ojú gbogbo wọn wà lára mi, ojú ìfẹ́ ni, ojú àánú ni, wọ́n fẹ́ kí ó má jẹ́ èmi. Mo wá sọ pé, "Ẹ̀yin ará, gbogbo yín lẹ gbọ́ ohun tí Ìyá Oníẹ̀rọ sọ lọ́jọ́ tí a da dẹ́kìn." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó. Wọ́n sì dìde. Àwọn tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn ló ń fi í ké ègún báyìí. Kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, wọ́n ti ń kọrin lọ sí ilé ìyá náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi tu ara mi nínú pé, n kò pè é ní àjẹ́, mo kàn tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ ni. Ẹni tó ju ògúnná sórí koríko gbígbẹ, òun náà lè ní òun kò jó oko. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa fún ara mi. Mo pè é. Mo dé ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti dojú ẹ̀rọ dé, tí wọ́n ń fi òkúta mi, òkúta kan náà tó ní kí n kó kúrò, fọ́ ọ. Ìyá jókòó sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀. Kùdírátù ọmọ rẹ̀, wúńdíá tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nígbà náà, fi ara bò ó. Ó rí mi láàárín èrò. "Alàgbà! Ẹ sọ̀rọ̀! Ẹ̀yin lẹ kó ọparun yín lọ, mo rí ọkọ̀ yín! Ẹ sọ fún wọn!" Gbogbo èrò yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí òtítọ́ tó hàn. Mo la ẹnu mi, ẹnu tí mo fi ń gba ara Olúwa, mo ní, "Ọmọ àjẹ́ ló ń jẹ́rìí fún àjẹ́." Ìgbà náà ni òkò bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ìyá àti ọmọ sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, wọn kò sì padà mọ́.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló parí sí? Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rù, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ilẹ̀ àjẹ́. Èmi ni mo rà á lọ́wọ́ wọn. Mo wó ilé rẹ̀, mo kọ́ ọ́fíìsì mi sórí rẹ̀, wòlíì da òróró sí i, a kọ orúkọ mi gàdàgbà sí iwájú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti gbèrú. Mo tún ilé ìwé ìjọ kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n yìn mí. Mo sin Bíyìí bí ẹni sin ọmọ, mo tọ́ ọmọ tó fi sílẹ̀ sínú oyún, wọ́n tún yìn mí. Mo sọ Bíọ́lá di ọ̀gá lórí gbogbo kápẹ́ńtà mi, ẹnu rẹ̀ sì pa dé. Láti ọjọ́ yẹn wá, n kò tú dẹ́kìn tí kò gbó mọ́ títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀; ilé mi kan kò sì wó mọ́. Mo ń fi èyí yangàn, mo sì ń sunkún lé e lórí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ Bíyìí ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́, ojú Ìyá Oníẹ̀rọ ni mo fi san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ọmọ mi Olúwabùnmi di nọ́ọ̀sì níhìn-ín, òun ló mú mi wá nígbà tí àìsàn yìí dé. Ọmọ tirẹ̀, Nathan, ti di ẹnjiníà ìkọ́lé. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe! Ó gbé mi lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Sugar Land nígbà kan, ó fi akoto dé mi lórí, ó ń fà mí lọ́wọ́ kiri láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ará Mẹ́síkò. "This is my grandpa o! Òun ló kọ́ Ìkòròdú!" Mo rẹ́rìn-ín, mo na ẹ̀yìn mi. Ó fi àwọn agolo roboto kan hàn mí. "Grandpa, ọjọ́ tí a bá da kọnkéré, a máa bu díẹ̀ sínú èyí. Wọ́n á gbé e lọ, wọ́n á fi ẹ̀rọ fọ́ ọ. Tí kò bá tíì strong, nobody lè fọwọ́ kan irin tó gbé e dúró lábẹ́." Mo ní, "Bí ọ̀gá yín bá ń kánjú ńkọ́?" Ó ní, "Kó lọ máa kánjú ní ilé ẹ̀." Mo sọ fún un pé àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà wa ní Nàìjíríà náà ń fọ́ agolo wò báyìí, òtítọ́ sì ni, orí mi wú bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó wá bi mí pé, "Ní ayé tiyín, kí lẹ fi ń mọ̀?" Mo ní, "Etí." Ó ní, "Etí nìkan? Wow. Grandpa, ẹ̀yin gan-an ni gíwá!" Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Etí mi kò fìgbà kan ṣàṣìṣe. Ọkàn mi ni kò gbó.

Lẹ́yìn èyí ni Bíọ́lá pè mí láti Ìkòròdú. Ó ti darúgbó, òun ló ń bá mi ṣọ́ ọ́fíìsì. "Ọ̀gá, Ìyá Oníẹ̀rọ wá sí àdúgbò o. Kùdírátù ló gbé e wá láti Ṣàgámù. Ó ní òun fẹ́ fojú rí ilẹ̀ òun kí òun tó kú." Mo ní, "Kí ni wọ́n ṣe fún un?" "Wọ́n sọ ọ́ lókò, Ọ̀gá. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà yẹn ni. Wọ́n ń pariwo pé, àjẹ́ tó wó ilé ìwé ti dé." Mo ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Kí lo ṣe?" Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti géètì pa." Ẹ̀yin ará, mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ tó lágbára jù lọ nìyẹn: irọ́ tí àwọn ọmọ tí kò mọ̀ mí rí ń gbé inú rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bùnmi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnì. "Dádì. Ẹ̀yin? Ìyá Oníẹ̀rọ tó máa ń fún mi ní dòdò nígbà tí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀?" Mo ní, "Èmi ni." Ó ní, "Gbogbo àdúrà òwúrọ̀ yẹn, Dádì, kí lẹ máa ń sọ fún Ọlọ́run?" Ẹ̀yin náà lè bi mí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo ń bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí pé mo jẹ oúnjẹ ọ̀wọ̀ lórí tábìlì yín. Mo ń bẹ ìdílé Bíyìí. Mo ń bẹ ìjọ tí mo fi ẹnu mi sọ di ẹni tó ń sọ opó lókò. Àwọn tó sọ̀kò rò pé Ọlọ́run ni àwọn ń gbèjà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ padà lọ kọ́lé ní ilẹ̀ wa, ẹ lọ, ilẹ̀ ń bẹ, iṣẹ́ ń bẹ, ògo ń bẹ níbẹ̀ tí Amẹ́ríkà kò lè fún yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kì yín, ẹ máa wo abẹ́ dẹ́kìn. Bí ohun tí ẹ kọ́ bá sì wó, ẹ má ṣe wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ládùúgbò. Ẹ wo ọwọ́ yín.

Láàárọ̀ yìí ni mo pe ìyá náà sórí nọ́ńbà tí Bíọ́lá bá mi wá. Kùdírátù ló gbé fóònù. Nígbà tó gbọ́ orúkọ mi, kò bú mi. Ó kàn gbé e fún ìyá rẹ̀. "Ta ni?" "Èmi ni, Ìyá. Láyíwọlá." "Láyíwọlá bíríkìlà?" Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo ní ilẹ̀ rẹ̀ ti padà di tirẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Mo ní wọn yóò ka ìjẹ́wọ́ mi fún ìjọ wa níhìn-ín, Nathan yóò sì fi fóònù ya àwòrán mi níbi tí mo ti ń sọ ọ́, a ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo Ìkòròdú. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ẹnu náà ṣì mú. "Ṣé inú fóònù lo wà lọ́jọ́ tí o pè mí ní àjẹ́?" Mo ní, "Rárá, mà." "Ta ló mọ̀ mí ní Amẹ́ríkà, Láyíwọlá? Ṣé àwọn òyìnbó ló fọ́ ẹ̀rọ mi ni?" Mo ní, "Ìyá, ara mi kò yá. Ẹ̀rọ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi." Ó ní, "Ọlọ́run Ọba á fún ọ lálàáfíà. Èmi náà kò ríran dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́rọ̀. Wá dúró síwájú ọ́fíìsì rẹ, níbi tí ẹnu ọ̀nà mi wà, kí o sọ ọ́ sókè, kí n gbọ́, kí àwọn náà gbọ́." Bùnmi dúró lẹ́yìn mi, ó ń mi orí. Ó ní, "Dádì, ọ̀nà yẹn jìn. Dókítà ò ní gbà. Ẹ lè má padà." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo di tábìlì mú, mo dìde, inú mi sì tutù bíi ti ẹni tó ti gbé ẹrù kalẹ̀. Mo ní, "Bùnmi, jọ̀wọ́, ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún mi."